Eérú Iwájú Orí: Ohun Tí Eérú Mímọ́ Jẹ́ fún Ẹlẹ́sìn Híńdù

Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ṣì wà nídìí ààrò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀dọ̀ yín gan-an ni mo ti fẹ́ mú ọ̀rọ̀ alẹ́ òní.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ìdí ààrò yẹn. Bí igi bá jó tán, tí a sì ti sọ ọbẹ̀ kalẹ̀, kí ló máa ń kù nílẹ̀? Eérú ni. Kí la sì ń fi eérú ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wa á ní a óò kó o dà sí ààtàn ni. Àwọn ìyá wa àtijọ́ ò ní gbà bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé láìsí omi eérú, aró ò ní mú aṣọ, ọṣẹ dúdú náà ò sì ní di ọṣẹ. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá jáde sójú títì láàárọ̀ pẹ̀lú eérú níwájú orí, a óò sọ fún un pé kó padà lọ bọ́jú. Àfi bó bá jẹ́ Ọjọ́rú Eérú tàwọn ọmọ ìjọ Àgùdà, ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún.

Ní ilẹ̀ Íńdíà, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn níbẹ̀ ló ń jí, tí wọ́n á wẹ̀, tí wọ́n á nu ara wọn gbẹ, tí wọ́n á wá mú eérú, wọ́n á fi sí iwájú orí. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o: wọ́n á wẹ̀ tán ná. Lójú tiwọn, eérú yẹn ló parí ìwẹ̀ náà. Báwo ni ohun tí àwa ń gbá dànù ṣe wá di ohun tí ẹlòmíràn ń gbé sí ibi tó ga jù lọ lára rẹ̀? Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lálẹ́ òní nìyẹn.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ẹ jẹ́ ká jọ dé oko yìí. Ẹ má mikàn, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà. Mo fẹ́ kí a lóye ọmọnìkejì wa ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nígbà tí fíìmù Íńdíà gbòde ní ilé sinimá, ẹ ó rántí bàbá arúgbó yẹn. A ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n a mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti di ẹkún. Bàbá náà á dúró níwájú ère, á máa lu agogo kékeré, ilà funfun mẹ́ta á sì wà níwájú orí rẹ̀. Mo rántí pé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi jiyàn títí lórí ilà yẹn. Ẹnì kan ní oògùn ẹ̀fọ́rí ni. Òmíràn ní àtíkè ni. A ò mọ̀ pé eérú ni.

Ilà mẹ́ta. Ọmọ Yorùbá ò lè rí ilà kó má béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Àwa náà ní pélé, tó jẹ́ ilà mẹ́ta tó dúró lóòró lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́. A ní àbàjà, tí tirẹ̀ dùbúlẹ̀. Bí àgbàlagbà bá ti wo ojú ènìyàn láyé àtijọ́, ó ti mọ ilé tó ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún wọn ní Íńdíà. Ẹni tí ilà eérú rẹ̀ dùbúlẹ̀, mẹ́ta, láti igun ojú kan dé èkejì, òrìṣà tó ń jẹ́ Shiva ló ń sìn. Ẹni tí ilà tirẹ̀ dúró lóòró, òrìṣà mìíràn, Vishnu, ló ń sìn, amọ̀ funfun tàbí igi olóòórùn dídùn tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n sì sábà fi ń fa tiwọn. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹlẹ́sìn Híńdù ló ń lo eérú ní ọ̀nà kan náà. Àwọn ọmọ Shiva ló ni ín jù, ọ̀dọ̀ wọn la ó sì dúró sí lálẹ́ òní.

Ìyàtọ̀ ńlá kan wà ṣá láàárín ilà tiwa àti tiwọn. Abẹ olóòlà ló ń kọ tiwa, ẹni tí a bá sì kọ ọ́ fún ló máa gbé e wọ sàréè. Tiwọn, omi ìwẹ̀ á fọ̀ ọ́ lọ, wọ́n á tún fà á láàárọ̀ ọ̀la. Ilà tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lójoojúmọ́ ni. Ìyẹn wú mi lórí gan-an, nítorí ó fi hàn pé wọn ò fẹ́ kí ohun tí ilà yẹn ń sọ di ohun tí ojú ti mọ́ra.

Kí ni orúkọ eérú yìí? Ní èdè Sanskrit, èdè àwọn ìwé mímọ́ wọn, orúkọ méjì ló gbajúmọ̀. Èkíní ni bhasma. Eérú lásán nìyẹn túmọ̀ sí. Èkejì ni vibhuti. Kí ni vibhuti? Ògo ni. Agbára ni. Nínú ìwé Bhagavad Gita, orí kẹwàá, níbi tí Ọlọ́run ti ń ṣàlàyé bí ògo òun ṣe fara hàn nínú ohun gbogbo, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe àkọlé orí náà. Àwọn Tamil tó wà ní ìhà gúúsù Íńdíà ní tiwọn ń pè é ní thiruneeru, ìyẹn eérú mímọ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: orúkọ tí wọ́n ń pe ògo Ọlọ́run, òun ni wọ́n fi pe eérú.

Ó dáa. Kí ni wọ́n wá ń jó tó ń di eérú yìí?

Ìgbẹ́ màlúù ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ ṣùtì o. Àwọn ìyá àgbà tiwa náà mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ ilé kó lè dán, wọn ò sì ka èyí sí ẹ̀gbin. Ní Íńdíà, ìyá ni màlúù jẹ́ fún ẹlẹ́sìn Híńdù. Wàrà rẹ̀ ni wọ́n ń mu, òróró tó ń ti inú wàrà náà jáde ni wọ́n fi ń tan fìtílà níwájú òrìṣà, ìgbẹ́ rẹ̀ tó gbẹ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní abúlé fi ń dáná. Ọ̀pọ̀ ohun tó ń jáde lára màlúù ni wọn kò kà sí ìdọ̀tí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á wá ìgbẹ́ màlúù tí ara rẹ̀ le. Àwọn ìwé ìlànà wọn, irú bíi Brihajjabala Upanishad, tiẹ̀ fẹ́ kí ènìyàn fi nǹkan gbà á kó tó kan ilẹ̀. Wọ́n á ṣù ú bí ẹní ń ṣu àkàrà, wọ́n á sá a sóòrùn títí á fi gbẹ táútáú. Wọ́n á wá kó èèpo ìrẹsì jọ, wọ́n á to ìgbẹ́ gbígbẹ náà sáàárín rẹ̀, wọ́n á tiná bọ̀ ọ́. Iná yìí kì í bú sókè. Jẹ́jẹ́ ló ń jẹ é lábẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe èyí nígbà Shivaratri, òru ńlá Shiva, tó máa ń bọ́ sí oṣù Èrèlé tàbí Ẹrẹ́nà. Bó bá jó tán, tó tutù, wọ́n á ṣà á. Èyí tó dúdú, wọ́n á yọ ọ́ sọ́tọ̀. Èyí tó funfun ni wọ́n á fi aṣọ mímọ́ jọ̀, bí a ṣe ń jọ èlùbọ́, títí á fi kúnná tí ọwọ́ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Láyé àtijọ́, inú akèrègbè kékeré ni àwọn Tamil ń kó o sí, wọ́n á gbé e kọ́ sínú ilé.

Eérú mìíràn tún wà, èyí tó ń wá láti inú iná ẹbọ tí àlùfáà dá, níbi tí wọ́n ti da òróró wàrà màlúù, igi àti ewé sínú iná pẹ̀lú àdúrà. Òun náà mọ́. Ṣùgbọ́n ti ìgbẹ́ màlúù ló gbajúmọ̀ jù.

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ló dé tó jẹ́ ti màlúù? Àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Tamil ní ìdáhùn kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Shaiva Siddhanta, wọ́n ní nǹkan mẹ́ta ló wà: pati, pashu àti pasha. Pati ni Olúwa. Pashu ni ẹran ọ̀sìn. Pasha ni okùn. Ta ni ẹran? Ọkàn ènìyàn ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ewúrẹ́, ẹ mọ ìṣe ẹran tí a so mọ́ èèkàn. Á jẹ yí èèkàn po. Á máa rò pé ibi tí okùn òun dé ni ayé parí sí. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọmọ ènìyàn rí, Olúwa nìkan ló sì lè tú u.

Okùn náà, ìlọ́po mẹ́ta ni. Èyí àkọ́kọ́ ni ohun tó ń mú ènìyàn wí pé, “Èmi! Èmi nìkan!” Anava ni wọ́n ń pè é. Ìkejì ni karma, èso ìwà tí a ti hù sẹ́yìn, tó ń tọ ènìyàn lẹ́yìn bí òjìji. Ìkẹta ni maya, ohun ayé tó ń bo ojú tí a ò fi rí òtítọ́. Okùn mẹ́ta, ilà mẹ́ta. Nígbà tí ọmọ Shiva bá fi ìka mẹ́ta fa eérú sí iwájú orí, ó ń gbàdúrà pé kí iná Olúwa jó okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Kalagni Rudra Upanishad, ilà mẹ́ta yìí ló dá lé lórí. Ó so wọ́n mọ́ ìró mẹ́ta inú ọ̀rọ̀ mímọ́ Om, ó so wọ́n mọ́ iná ẹbọ mẹ́ta, ó tún so wọ́n mọ́ ilẹ̀ ayé, òfuurufú àti ọ̀run. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rántí okùn tó so ẹran mọ́ èèkàn, ẹ ti mú kókó rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fi sára? Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń lò. Ìka mẹ́ta tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín ni wọ́n ń tẹ̀ bọ inú eérú. Wọ́n á kọjú sí ìlà oòrùn tàbí sí àríwá, wọ́n á máa wí pé “Om Namah Shivaya”, ìyẹn ni pé mo foríbalẹ̀ fún Shiva. Wọ́n á wá fà á láti òsì sí ọ̀tún. Àwọn mìíràn á tún fi sí apá, sí àyà, sí ọ̀fun. Ní tẹ́ńpìlì, àlùfáà ló ń bu ún lé ènìyàn lọ́wọ́, díẹ̀ báyìí. Wọn kì í jẹ́ kó dà sílẹ̀. Ìyá á fi sí ọmọ rẹ̀ níwájú orí láàárọ̀ ìdánwò. Ẹni tó bá lọ sí tẹ́ńpìlì Murugan, ọmọ bíbí Shiva, tó wà lórí òkè ní ìlú Palani, kò ní padà sílé láìdi eérú díẹ̀ sínú bébà fún àwọn ará ilé. Ní Tiruchendur létí òkun, ewé ni wọ́n fi ń pọ́n ọn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ìdí ọ̀rọ̀ gan-an. Kí ni eérú ń sọ?

Yorùbá ní òwe kan tí gbogbo wa mọ̀: iná kú, ó feérú bojú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Lójú àwa, òfò ni eérú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní àrólé, iná ò ní. Aṣọ ọ̀fọ̀ tí iná fi bojú ni eérú jẹ́. Ọmọ Shiva náà rí ikú tí a rí nínú eérú, ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ó béèrè pé: igi tó jó, ó di eérú. Eérú ńkọ́? Bí o bá dá a padà sínú iná, kí ló máa dà? Eérú náà ni. Fi omi sí i, kò lè rà bí ẹran. Fi í sílẹ̀ fún ọdún kan, ìdin ò ní wọ̀ ọ́. Eérú ni ohun tí iná ti bá parí ọ̀rọ̀. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní òun ló mọ́ jù.

Ìtàn kan wà nínú Mahabharata, ìwé ìtàn ńlá wọn, tó ṣàlàyé èyí ju ẹgbẹ̀rún ìwàásù lọ. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Mankanaka. Ó ti fi ọdún gbọọrọ fìyà jẹ ara rẹ̀ nítorí àtimọ́. Lọ́jọ́ kan, ewé koríko mímú ṣá a lọ́wọ́. Ó wo ojú ọgbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló ń jáde o. Omi ewé ni. Inú Mankanaka dùn, kò mọ ibi tó máa fi ayọ̀ sí. Ara òun ti mọ́! Ẹ̀jẹ̀ ti tán lára òun! Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó jó, ó jó, títí gbogbo ohun tó wà láyé fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jó. Ẹ̀rù ba àwọn òrìṣà. Wọ́n sáré tọ Shiva lọ: “Ẹ gbà wá o, ọkùnrin yìí máa fi ijó tú ayé palẹ̀!”

Shiva para dà bí ènìyàn lásán, ó lọ bá a. Ó ní, “Kí lo rí tó o fi ń jó báyìí?” Mankanaka ní, “Bàbá, ṣé ẹ ò rí omi ewé tó ń jáde lọ́wọ́ mi ni?” Shiva rẹ́rìn-ín. Ó fi orí ìka kan àtàǹpàkò ara rẹ̀. Kí ló jáde níbẹ̀? Eérú ni, ó funfun bíi yìnyín. Mankanaka dákẹ́ ijó. Ojú tì í, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ rí i? Ẹni tó dé ibi omi ewé ti rin ìrìn gígùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ewé ṣì ń gbẹ, ewé ṣì ń jó. Ìgbéraga tó mú un jó yẹn gan-an ni igi tó kù tí iná kò tíì jẹ. Eérú ò ní ohun tó máa fi jó ijó ìgbéraga.

Ìtàn mìíràn, mo máa sọ ọ́ ní kúkúrú. Wọ́n ní ìkà alágbára kan sin Shiva títí Shiva fi ní kó béèrè ohun tó bá fẹ́. Ó ní òun fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí òun bá gbọ́wọ́ lé lórí di eérú lójú ẹsẹ̀. Shiva gbà. Ta ló kọ́kọ́ fẹ́ fi dán an wò? Shiva fúnra rẹ̀! Ni Vishnu bá para dà, ó di arẹwà obìnrin, ó ní kí ìkà náà wá bá òun jó, kó máa ṣe bí òun bá ti ń ṣe. Ijó wọ̀ wọ́n lára. Obìnrin náà gbọ́wọ́ lé orí ara rẹ̀. Ìkà náà gbọ́wọ́ lé tirẹ̀. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Bhasmasura ni wọ́n ń pe ìkà náà títí dòní, orúkọ eérú ló sì wà nínú orúkọ rẹ̀.

Nínú àwòrán Shiva, ẹ ó rí i pé gbogbo ara rẹ̀ ló fi eérú kùn. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń sun òkú ló fi ṣe ibùgbé. Àwa Yorùbá, ilẹ̀ la ń gbẹ́ tí a fi ń sin òkú wa. Ẹlẹ́sìn Híńdù, iná ni wọ́n fi ń sun tiwọn. Ní ìlú Varanasi, létí odò Ganges, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Manikarnika, níbi tí iná ìsunkú kì í ti í kú, tọ̀sán-tòru. Ọba ń di eérú níbẹ̀, alágbe ń di eérú níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú mọ èyí tó jẹ́ tọba. Àwọn àgbà wa ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Eérú iwájú orí, ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ló ń sọ fún ẹni tó kùn ún, ní gbogbo ìgbà tó bá wo dígí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́ níhìn-ín. Eérú òkú kọ́ ni àwọn ènìyàn ń fi síwájú orí láràárọ̀. Eérú òkú, odò ni wọ́n ń dà á sí. Ti ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n ń kùn. Ìrántí ikú ni.

Àwọn kan wà tó gbé ìrántí yìí dé òpin. Àwọn ni àwọn baba tó fi ayé sílẹ̀, tó ń rìn káàkiri láìní ilé, tí òmíràn nínú wọn ò ní aṣọ, àfi eérú láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ lè ti rí àwòrán wọn nígbà àpéjọ ńlá Kumbh Mela ní Prayagraj, láti ọjọ́ 13 oṣù Ṣẹ́rẹ́ títí di ọjọ́ 26 oṣù Èrèlé ọdún 2025. Kí ẹni tó bá fi ayé sílẹ̀ tó wọ ẹgbẹ́ wọn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ètùtù òkú ara rẹ̀. Ó ti kú nìyẹn. Kò sí ẹni tó tún lè jogún rẹ̀, kò sì lè jogún ẹnikẹ́ni. Eérú wá di aṣọ rẹ̀.

Ṣé eérú ń wo àìsàn? Àwọn Tamil ní ìtàn kan. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún àti irínwó sẹ́yìn, ọba Madurai ní ibà gbígbóná. Ọba náà ti fi Shiva sílẹ̀, ó ti gba ẹ̀sìn Jain, ṣùgbọ́n olorì rẹ̀, Mangaiyarkkarasi, kò kúrò lẹ́yìn Shiva. Olorì ló ránṣẹ́ pe Sambandar, ọ̀dọ́mọdé akọrin. Wọ́n ní àwọn àlùfáà Jain tọ́jú apá òsì ọba, ó gbóná sí i. Sambandar kọrin nípa ògo eérú, ó fi eérú pa apá ọ̀tún, ó tutù. Ìwé Periya Puranam, tí Sekkizhar kọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún ó lé sẹ́yìn, ló sọ ìtàn yìí fún gbogbo ayé. Ẹ má gbàgbé ṣá pé ọmọ Shiva ló kọ ọ́. Bí àwọn Jain bá sọ tiwọn, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó dá mi lójú ni pé orin yẹn ṣì wà lẹ́nu àwọn Tamil títí dòní, wọ́n sì ń kọ ọ́ fún aláìsàn. Bí ara yín ò bá yá, ẹ lọ sí ọsibítù. Àwọn tó ń kọrin náà ń lọ.

Eérú sì ti so àwọn tí ẹ̀sìn pín níyà pọ̀ rí. Ní abúlé Shirdi, ní ìpínlẹ̀ Maharashtra, bàbá kan gbé inú mọ́ṣáláṣí àtijọ́ kan títí ó fi kú ní ọdún 1918. Sai Baba ni wọ́n ń pè é. Ó dá iná kan síbẹ̀ tí kì í jẹ́ kó kú. Mùsùlùmí ń wá bá a, Híńdù ń wá bá a, eérú inú iná yẹn ló sì ń bù fún gbogbo wọn bí wọ́n bá ń lọ. Kò béèrè pé ta ni bàbá rẹ. Iná yẹn ṣì ń jó lónìí, wọ́n sì ṣì ń bu eérú rẹ̀ fún àlejò.

Ohun kan bà mí nínú jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ọjà òde òní, kì í ṣe gbogbo ohun funfun tí wọ́n dì sínú ọ̀rá ló jẹ́ eérú màlúù. Òkúta lílọ̀ ni òmíràn, wọ́n á fi lọ́fínńdà sí i kó lè máa ta sánsán. Àwọn olùjọsìn míràn sì máa ń tọ́ eérú lá. Ẹni tó ń ta ayédèrú eérú fún ẹni tó ń sin Ọlọ́run, ó ti jalè níbi méjì.

Kí n tó dágbére, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ìlú Ujjain, ní ìpínlẹ̀ Madhya Pradesh. Tẹ́ńpìlì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mahakaleshwar, ọ̀kan nínú ojúbọ Shiva méjìlá tó lókìkí jù ní Íńdíà. Ní èdè wọn, kala ni àkókò, kala náà ni ikú. Mahakala ni ẹni tó ga ju àkókò àti ikú lọ. Láti òru làwọn ènìyàn ti ń tò síta. Bó bá di nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, àwọn àlùfáà á fi omi wẹ òkúta tó dúró fún Shiva, wọ́n á fi wàrà wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi oyin wẹ̀ ẹ́. Wọ́n á ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n á wá gbé eérú tí wọ́n dì sínú aṣọ, wọ́n á máa gbọ̀n ọ́n lé e lórí. Ìlù á máa dún, agogo á máa dún, eérú á gba gbogbo inú yàrá náà bí kùrukùru ọyẹ́. Wọ́n á ní kí àwọn obìnrin fi aṣọ bo ojú fún ìgbà díẹ̀ yẹn. Àwọn ará ìlú sọ pé nígbà kan rí, ibi ìsunkú ni eérú náà ti ń wá. Lónìí, ti ìgbẹ́ màlúù ni.

Aago Íńdíà fi wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ ṣáájú tiwa. Nítorí náà, lálẹ́ òní, bí ẹ bá ti pa iná ilé, tí aago sì lu mọ́kànlá ààbọ̀, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ní Ujjain. Ẹ sùn re o.